Afárá ojú irin tí ọkọ̀ ò gbà mọ́: kí ló dé tí wọ́n fi ń wó o, ta ló sì ń sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀?

Láti bí ọjọ́ mélòó kan ni fọ́tò kan ti ń ti orí WhatsApp ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Afárá irin gogoro ni, ó dúró láàárín igbó, àárín rẹ̀ sì ti ya lulẹ̀. Àwọn òpó irin sùn kalẹ̀ sínú àfonífojì bí oko àgbàdo tí màlúù gbà kọjá. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìjọba ti wó afárá rélùwéè àtijọ́, pé wọ́n fẹ́ ta irin rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di afárá Jẹ́bà lẹ́nu àwọn kan, ó ti di ti Òṣogbo lẹ́nu àwọn mìíràn. Nídìí ìwé ìròyìn kan ní Lagere, níbi tí àwọn tó ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ti pọ̀ ju àwọn tó ń rà á lọ, ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Ọ̀kan ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, kí wọ́n wó o. Èkejì ní ohun tí àwọn bàbá wa fi owó orí kọ́, ta ló ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án?

Àwọn méjèèjì ní ohun tí wọ́n rí sọ, àmọ́ afárá inú fọ́tò yẹn kò sí nínú ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.

Ṣé Nàìjíríà ni afárá inú fọ́tò yẹn wà?

Rárá. Kinzua ni orúkọ rẹ̀, ìpínlẹ̀ Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ló wà. Ìjọba kọ́ ló wó o, ìjì ni.

Ọdún 1882 ni wọ́n kọ́ ọ, kí ọkọ̀ ojú irin lè máa gbé èédú ilẹ̀ àti pákó sọdá àfonífojì kan tó jìn gan-an. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 301, ìyẹn bíi mítà 92. Ẹ lọ sí ìdí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ẹ gbójú sókè wo orí rẹ̀, kí ẹ wá fojú inú to irú rẹ̀ bíi mẹ́tàdínlógún léra wọn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2,052. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, kò sí afárá ojú irin mìíràn láyé tó ga tó o. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi ń wúwo sí i, afárá náà ò sì lè gbà á mọ́. Ní ọdún 1900, wọ́n tú gbogbo irin àkọ́kọ́ sílẹ̀, wọ́n fi irin tó le jù ú lọ kọ́ òmíràn sórí ìpìlẹ̀ kan náà. Ọdún 1959 ni ọkọ̀ ẹrù gbà á kọjá kẹ́yìn.

Ibi tó dùn nínú ìtàn náà nìyí. Oníṣòwò irin àlòkù ni ilé iṣẹ́ rélùwéè tà á fún, kó tú u, kó wọ̀n ọ́n, kó kó o lọ. Ọkùnrin náà wá, ó wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ò sì gbé e. Dípò kó tú u, ó wà lára àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ní ọdún 1963, ìjọba ìpínlẹ̀ rà á, wọ́n sọ àyíká rẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́. Láti ọdún 1987 ni ọkọ̀ àwọn tó wá ṣèbẹ̀wò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí rẹ̀ kọjá.

Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rí i pé irin rẹ̀ ti dógùn-ún ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n dá ọkọ̀ dúró, wọ́n ní kí èèyàn pàápàá má gba orí rẹ̀ mọ́. Àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2003. Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún náà, nígbà tí iṣẹ́ àtúnṣe náà kò tíì parí, ààjà ńlá kan gba àfonífojì náà kọjá, ó sì gbé òpó 11 nínú 20 ṣubú.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí, ohun tó fa á kéré lójú. Bóòtù ni. Nígbà tí wọ́n tún afárá náà kọ́ ní 1900, wọn ò yọ àwọn bóòtù tó de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìpìlẹ̀ láti 1882. Wọ́n fi irin so wọ́n gùn sí i, wọ́n sì gbé òpó tuntun lé wọn. Láti 1882 títí di 2003, ìyẹn ọdún mọ́kànlélọ́gọ́fà, ni ìpẹtà ti ń jẹ bóòtù wọ̀nyí lábẹ́lẹ̀ níbi tí ojú kò tó.

Mo bá wẹ́dà kan tí mo mọ̀ ní Sábó sọ ọ̀rọ̀ yìí, kò tiẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó mú òòlù, ó fi gbá ìdí géètì kan tí wọ́n gbé wá tún ṣe. Ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán gbinrin. Ìpẹtà jábọ́ ní ìpele-ìpele bí èèpo ẹ̀pà, ihò tó lè gba àtàǹpàkò sì yọ sí ojú irin. Ọ̀dà lásán ló ti ń gbé géètì yẹn ró láti ọjọ́ yìí.

Kí ló mú irú afárá yìí yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀?

Afárá tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, odò ni wọ́n fi ń sọdá. Irú èyí tí à ń sọ yìí máa ń sọdá àfonífojì látòkè dókè. Ó lè má sí odò gidi kan nísàlẹ̀ rẹ̀, ó lè jẹ́ oko, ó lè jẹ́ ilé àwọn èèyàn. Àfonífojì gbogbo ni wọ́n fẹ́ fò. Nítorí náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fi máa ń pọ̀, tó sì máa ń gùn.

Ìdí tí rélùwéè fi nílò rẹ̀ ni pé ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Tírélà á máa kùn, á máa rú èéfín, síbẹ̀ á dé orí òkè nítorí rọ́bà táyà rẹ̀ ń di ọ̀dà ilẹ̀ mú. Irin ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin, irin náà ló ń yí lé lórí, irin pẹ̀lú irin sì máa ń yọ̀. Bí ilẹ̀ bá fi lè ga ní mítà 1 láàárín mítà 40 péré, ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀pọ̀ wáágọ́nù ti wọ ìjọ̀ngbọ̀n nìyẹn. Ẹni tó ń la ojú irin ní láti gé òkè, kó dí kòtò, tàbí kó gbé afárá lé e. Bí wọ́n bá wó ilé kan, wọ́n lè kọ́ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá wó irú afárá yìí, ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ti já sí méjì nìyẹn, bí ojú irin tó kù bá tiẹ̀ wà níbẹ̀ lódindi.

Ta ló ni afárá tí ọkọ̀ kò gbà mọ́?

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Orílẹ̀-èdè Britain ni àpẹẹrẹ rẹ̀ pọ̀ sí jù. Ní oṣù Kẹta ọdún 1963, Richard Beeching tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àwọn rélùwéè ìjọba níbẹ̀ gbé ìròyìn kan jáde. Ó ní rélùwéè ń jẹ gbèsè, àwọn ènìyàn ti ń ra mọ́tò, kí wọ́n ti ibùdókọ̀ tó ju 2,000 pa, kí wọ́n sì pa ojú irin tó tó nǹkan bíi máìlì 5,000 tì. Púpọ̀ nínú ohun tó sọ ni wọ́n ṣe.

Wọ́n ká irin nílẹ̀, wọ́n tà á. Àgbẹ̀ ra ilẹ̀, kọ́lékọ́lé ra ilẹ̀. Afárá ni kò sẹ́ni tó rà. Ilẹ̀ ni èèyàn ń rà, ta ni í ra gbèsè? Ẹni tó bá gba afárá gba àtúnṣe rẹ̀ pẹ̀lú, òun náà ni wọ́n sì máa pè lẹ́jọ́ bí bíríkì bá ja lé ẹnì kan lórí. Bó ṣe di pé ọwọ́ ìjọba ni wọ́n kù sí nìyẹn. Lónìí, afárá, ihò abẹ́ òkè àti irú rẹ̀ tó lé ní 3,000 ló wà níkàáwọ́ National Highways, iléeṣẹ́ tó ń mójú tó àwọn ọ̀nà mọ́tò ńlá ní England, tó ń tọ́jú wọn fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà. Ẹ kíyè sí i pé iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀nà mọ́tò ni wọ́n fi ogún rélùwéè tọ́. Àwọn tó fẹ́ràn rélùwéè ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn sùn.

Kí ni àwọn tó fẹ́ wó o ń rò?

Owó ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Afárá tí kò ṣiṣẹ́ kì í yéé jẹ owó. Afárá irin gbọ́dọ̀ gba ọ̀dà léraléra kó má baà dógùn-ún. Èyí tí wọ́n fi òkúta tàbí bíríkì mọ, omi òjò ni ọ̀tá rẹ̀: á wọ ojú àlàfo, á máa fọ símẹ́ńtì tó so ó pọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, igi á sì hù sí i lára. Ẹ̀yin náà ẹ ti rí bí igi ọdán ṣe máa ń la ògiri sí méjì.

Lẹ́yìn owó, wọ́n á sọ ti ewu. Àwọn ọmọdé á gùn ún. Ọ̀nà tó gba abẹ́ rẹ̀ lè ní èrò. Bí wọ́n bá dúró dìgbà tó wó fúnra rẹ̀, bíi ti Kinzua, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó máa wó tàbí ẹni tó máa wà nísàlẹ̀. Ní ti Kinzua, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Kò sẹ́ni tó kú, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀ kí ìjì náà tó dé.

Ìdí kẹta wà tí wọn kì í fẹ́ pariwo rẹ̀, òun ni owó irin. Níbi tí irin bá ti pọ̀, tí ó sì ṣeé gé, ẹni tó ń wó o lè rí iye tó náà padà, kó sì jèrè lé e. Àwọn tó ń ti báró kiri àdúgbò tí wọ́n ń ké pé àwọn ń ra irin kọ́ńdẹ̀mù mọ ìṣírò yìí dáadáa.

Ṣùgbọ́n gbogbo irin kọ́ ló ń gé bákan náà, èyí sì ti gba afárá kan là. Bennerley ni wọ́n ń pè é, ó wà láàárín Derbyshire àti Nottinghamshire ní England, ọdún 1877 ni wọ́n kọ́ ọ. Ilẹ̀ tó dúró lé jẹ́ ilẹ̀ tí àwọn awaèédú ti gbẹ́ ihò sábẹ́ rẹ̀ kiri, bíríkì máa wúwo jù fún un, ni wọ́n bá fi irin ayé àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ń fi òòlù lù kó tó di irin, kọ́ ọ. Ọdún 1968 ni wọ́n pa á tì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wó o, wọ́n rí i pé iná gáàsì kì í gé irú irin yẹn bó ṣe ń gé irin òde òní. Àfi kí wọ́n máa tú rífẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn àwọn ìṣó ńlá tó so irin pọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣírò rẹ̀, owó iṣẹ́ ju owó irin lọ fíìfíì. Báyìí ni ó ṣe dúró síbẹ̀ ju àádọ́ta ọdún, tí koríko ń hù lábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, wọ́n ṣí i fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́.

Ti Crumlin ní Wales ò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1857 ni wọ́n ṣí i, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 200, kò sì sí afárá ojú irin kankan ní Britain tó ga tó o. Ọkọ̀ kẹ́yìn gbà á kọjá ní 1964. Nígbà tó fi máa di 1967, wọ́n ti tú u palẹ̀, ó ku kùkùté ìpìlẹ̀ nílẹ̀. Wọn ò da àdó olóró sí i. Bí wọ́n ṣe tò ó lọ sókè náà ni wọ́n ṣe tò ó bọ̀ nílẹ̀, láti orí wá sí ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n fi bíríkì mọ ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ ihò sí lẹ́sẹ̀, tí wọ́n á fi dàínámáìtì sí i, tí á sì dojú dé lẹ́ẹ̀kan náà. Fídíò irú rẹ̀ ni ẹ máa ń rí tí eruku ń bo gbogbo ibẹ̀.

Kí ni àwọn tó ní kí wọ́n má wó o ń sọ?

Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ nítorí ẹwà àti ìtàn, ìyẹn kò ṣòro láti yé èèyàn ní Ifẹ̀ tí à ń gbé yìí. Àwọn mìíràn kò bìkítà nípa ẹwà. Ọ̀nà ni wọ́n ń rò.

Ẹ wo ti Great Musgrave ní Cumbria, ní England. Afárá kékeré ni, àtọdún 1862, mọ́tò ń gba orí rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ń gbà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2021, iléeṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ ní àwọn ò fọkàn tán an, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ àti kọnkéré tó lé ní 1,000 tọ́ọ̀nù sábẹ́ rẹ̀ títí ó fi dí pátá. Wọn ò wó o, wọ́n kàn sin ín láàyè ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ méjì tó ń wa ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ní àdúgbò náà ti ń gbèrò láti so ojú irin wọn pọ̀, abẹ́ afárá yìí gan-an ló sì yẹ kó gbà. Ariwo ta. Ìjọba ní kí wọ́n dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró ná. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ láti fún iléeṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ tó ń wá lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Nígbà tó di 2023, wọ́n tún kó gbogbo kọnkéré náà jáde. Owó ìdíwọlé, owó ìkójáde.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo àgbáyé mọ̀ ni High Line ní New York. Ojú irin orí afárá ni, wọ́n ṣí i ní 1934, ó ń gba àárín ilé kọjá lókè kí ọkọ̀ ẹrù má baà máa pa èèyàn lójú títì. Ọdún 1980 ni ọkọ̀ gbà á kẹ́yìn, tòlótòló dídì ni wọ́n sọ pé ó kó. Lẹ́yìn náà koríko bò ó. Àwọn tó ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ní kí wọ́n wó o kí àwọn lè rí ilẹ̀ kọ́ nǹkan sí, wọn kò sì sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Afárá ẹlòmíràn ló ń ṣíji bo ilẹ̀ tí wọ́n ń san owó orí lé lórí. Ní 1999, àwọn ará àdúgbò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbà á là. Ní òpin 2001, kí Rudy Giuliani tó kúrò nípò olórí ìlú náà, ìjọba rẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wó o. Ẹgbẹ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́, ìjọba yí padà, èrò náà yí padà. Ní 2009, apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣí gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́ lókè títì.

Òfin kan ló ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1983, wọ́n lè fi ojú irin tí wọn ò lò pamọ́: á di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tàbí ọgbà fún ìsinsìnyí, àmọ́ nínú ìwé, ojú irin ni. Bí ọjọ́ kan bá dé tí wọ́n tún fẹ́ kí ọkọ̀ gbà á, ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀.

Ká má fi ọ̀kan pamọ́ nínú ìtàn yìí. Lẹ́yìn tí High Line di ọgbà, owó ilé àyíká rẹ̀ fò sókè, ọ̀pọ̀ àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ ò sì lè gbé àdúgbò náà mọ́. Àwọn tó ń tako irú iṣẹ́ yìí máa ń mú un lò.

Ojú irin kò gba Ifẹ̀, kò gba Iléṣà. Kí ló wá kàn wá?

Òótọ́ ni pé kò gbà wá. Láti Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ojú irin náà ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908. Láti Ìbàdàn, ó gba Ìwó, Ẹdẹ, Òṣogbo, Ìkirun, Ọ̀fà. Ifẹ̀ àti Iléṣà wà ní apá ọ̀tún rẹ̀, a kàn ń gbúròó rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kòkó wa gbà á. Lọ́rí ló kó o lọ sí Òṣogbo tàbí Ìbàdàn, rélùwéè ló sì kó o dé etí òkun. Àwọn Ìjẹ̀ṣà Òṣómàáló, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde, rélùwéè Òṣogbo wà lára ohun tó sún ọjà wọn jìnnà sí ilé. Àwọn àgbà ní Iléṣà tí bàbá wọn ṣe òwò yìí ṣì ń pe orúkọ àwọn ibùdókọ̀ náà tẹ̀léra láìṣì í, bí ẹni ń ka oríkì.

Ojú irin àtijọ́ yẹn tẹ́ẹ́rẹ́. Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì jẹ́ mìlímítà 1,067. Ti ìgbàlódé tí wọ́n kọ́ láti Èkó sí Ìbàdàn, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, jẹ́ mìlímítà 1,435, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 157. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n á kàn tẹ́ tuntun lé ti àtijọ́ ni. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tuntun fẹ̀ jù, ó wúwo jù, eré rẹ̀ pọ̀ jù fún kọ́nà tí wọ́n gé fún ọkọ̀ èéfín. Afárá tí wọ́n kọ́ fún ti àtijọ́ kò lè gbà á láìjẹ́ pé wọ́n tún un kọ́. Nítorí náà, níbi tí tuntun bá ti ń kọjá, ìbéèrè wíwó ti àtijọ́ á dìde dandan. Níbi tí tuntun kò bá tíì dé, bíi láti Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo, ti àtijọ́ nìkan ni ọ̀nà tó wà.

Àwọn tó ní kí wọ́n má ṣe kánjú wó nǹkan ní ẹ̀rí kan nílé níbí. Ọdún 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin Ìtakpẹ́ sí Ajaokuta sí Warri. Iṣẹ́ dúró. Koríko bò ó, àwọn olè tú irin rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé ó ti kú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, èyí tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣí i. Kìlómítà 326. Ká ní wọ́n ti wó àwọn afárá rẹ̀ ta fún onírin ní àárín ọdún wọ̀nyẹn, ẹni tó ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀ lónìí kì bá tí rí i wọ̀.

Àwọn tó wà ní òdìkejì náà ní tiwọn: ojú irin tí wọ́n pa tì láìsí olùṣọ́, olè á kúkú wó o fún wọn, díẹ̀díẹ̀, ní òru, láìsí ẹni tó máa jíhìn. Ó sàn kí ìjọba wó o lójú mọmọ, kí owó rẹ̀ wọ àpò ìlú.

Ta ló lè pàṣẹ pé kí wọ́n wó o ní Nàìjíríà?

Àjọ rélùwéè Nàìjíríà ló ni ojú irin àtijọ́ àti ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ sì ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin ilẹ̀ wa gbà láyè láti ṣòfin lórí rélùwéè. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, àtúnṣe òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí yí èyí padà, àwọn ìpínlẹ̀ náà ti lè dá sí i. Ọ̀ṣun lè kọ́ tirẹ̀ bó bá lágbára rẹ̀. Ìyẹn ò sọ pé afárá ìjọba àpapọ̀ ti di ti ìpínlẹ̀.

Tó bá jẹ́ ti ìtàn, àjọ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀, ló ń bójú tó àwọn ohun tí wọ́n bá ti kéde pé ó jẹ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ìkéde yẹn ni kókó. Ohun tí wọn ò bá kéde, bó ti wù kó gbó tó, òfin yẹn kò bò ó bó ṣe yẹ. Èyí tí wọ́n kéde pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ ní ààbò: ilé Ìlójò ní Ìta Tinúbú l'Ékòó, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí wọ́n sì kéde ní 1956, wọ́n wó o ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ọjọ́ ìsinmi ni.

Ní Ifẹ̀ níbí, a mọ bí ó ṣe ń rí. Àwọn àpáàdì tí àwọn baba ńlá wa tẹ́ sílẹ̀ bí kọnkéré, táyà mọ́tò àti àgbàrá òjò ti jẹ púpọ̀ nínú wọn. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ kí wọ́n wó wọn.

Kí ni wọ́n wá ṣe sí èyí tó wó nínú fọ́tò yẹn?

Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ṣírò owó àtúnkọ́, wọ́n ní ó pọ̀ jù. Wọn ò sì tú èyí tó kù. Wọ́n tún mẹ́fà ṣe nínú àwọn òpó tó ṣì dúró, wọ́n tẹ́ pákó sórí rẹ̀ kí èèyàn lè rìn, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011. Ojú irin àtijọ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ṣe é kí èèyàn lè rìn títí dé ibi tí afárá ti já, níbi tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ilẹ̀. Ẹni tó bá dúró lórí gíláàsì yẹn, tó wolẹ̀, á rí àwọn òpó tó ṣubú nísàlẹ̀ níbi tí ìjì fi wọ́n sí, igi ti ń hù láàárín wọn.

Kinzua ni ẹni tó ya fọ́tò yẹn dúró sí, kì í ṣe Jẹ́bà, kì í ṣe Òṣogbo.